Mò ń wá iṣẹ́ ayàwòrán géèmù, kí ló kù tí mi ò ṣe?

Aláwòrán: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe graphics, mo sì gbọ́ Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D, dáadáa. Àwòrán mi kún orí ArtStation, ìkànnì tí àwọn ayàwòrán ń kó iṣẹ́ wọn sí: ojú ènìyàn, ọkọ̀, dírágónì, ilé, àga, títí kan àmì iléeṣẹ́. Àwọn èèyàn ń yìn ín, ṣùgbọ́n gbogbo iléeṣẹ́ géèmù tí mo kọ̀wé sí ló ń dá mi padà. Ṣé ìwé-ẹ̀rí ni mi ò ní ni? Àbí kí n padà sí yunifásítì?

Agbẹ́gilére: Àbúrò, kú ìrọ́jú. Mo ti wo iṣẹ́ rẹ látòkè délẹ̀. Ọwọ́ rẹ dá ṣáká, mi ò kàn fẹ́ tù ọ́ nínú. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi ni mò ń gbani síṣẹ́, mi ò ní mọ ibi tí màá fi ọ́ sí. Ní iléeṣẹ́ ńlá, kò sí ẹni tó kàn ń jẹ́ ayàwòrán géèmù lásán. Concept artist ló ń ya èrò jáde kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan 3D. Ẹni tó ń mọ ènìyàn àti ẹranko, ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó ń kọ́ ilé, àpáta àti igbó, ọ̀tọ̀ ni. Prop artist wà tó jẹ́ pé ẹrù inú yàrá, àtùpà, àpótí, ìbọn, nìkan ló ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mi ò tíì dárúkọ àwọn ti animation (tó ń mú kí àwòrán máa rìn), VFX (iná, èéfín àti irú wọn) àti UI (bọ́tìnì àti ọ̀rọ̀ ojú géèmù). Iléeṣẹ́ kékeré lè ní kí ẹnì kan ṣe mẹ́ta pọ̀, ṣùgbọ́n bí iléeṣẹ́ ńlá bá kéde pé àwọn ń wá prop artist, kí ni wọ́n fẹ́ fi dírágónì ṣe?

Ti ìwé-ẹ̀rí, má dààmú. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣí wò. Dígírì máa ń wúlò tó bá di ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ iṣẹ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, torí náà tọ́jú èyí tó o ní, àmọ́ má torí géèmù yá owó lọ gba òmíràn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ mélòó ló yẹ kéèyàn kó síbẹ̀? Ọmọ mi ní àfi kí tòun pé àádọ́ta.

Agbẹ́gilére: Mẹ́rin tàbí márùn-ún tó dán ti tó, mà. Èyí tó bá burú jù níbẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn ẹni.

Onímọ̀ Ẹ́ńjìnnì: Bọ̀dá Aláwòrán, technical artist ni mí, ọ̀dọ̀ mi ni iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ń gbà wọ inú géèmù. Mo ṣí àga onígi yín. Ó wuyì. Ṣùgbọ́n Cycles lẹ fi ya á, ohun tó ń ya àwòrán nínú Blender, tí kì í ṣe ti géèmù. Ẹ ò fi wireframe hàn (àwọn ìlà tí àga náà fi dúró), ẹ ò fi UV hàn (bí ẹ ṣe tú awọ ara rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kí ẹ lè kùn ún), ẹ ò sì sọ iye triangle tó wà lára rẹ̀, ìyẹn àwọn onígun mẹ́ta kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ́ ọ.

Bí mo bá tan wireframe àga, ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ kọrọdọ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Bí eteetí rẹ̀ bá rí ṣágiṣàgi bíi pé àáké ni wọ́n fi gé e, triangle ò tó níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá dojú àga dé. Àìmọye ìgbà ni mo ti bá orí ìṣó lábẹ́ ìjókòó, tí ẹnì kan ti da ẹgbẹẹgbẹ̀rún triangle sí i lára, ohun tí ẹni tó ń gbá géèmù ò ní fojú kàn láéláé. Bẹ́ẹ̀, géèmù tó ń sáré ní fíréèmù (ìyẹn àwòrán) 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, mílísẹ́kọ́ǹdì 16.7 péré ló ní láti ya fíréèmù kọ̀ọ̀kan, tòun ti ilé, igi, ènìyàn, iná àti òjìji.

Ìdí nìyẹn tá a fi ń ṣe méjì. Ọ̀kan á wúwo, á ní mílíọ̀nù triangle nínú ZBrush tàbí Blender, gbogbo ìlà ara igi á hàn. Èkejì á fúyẹ́, òun ló ń wọ géèmù. Ẹ ó wá fi bake kó ìlà ara ti àkọ́kọ́ sínú normal map, àwòrán tó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ ṣe bíi pé ìlà náà wà níbẹ̀, ẹ ó fi wọ èkejì. Ibi tí UV seam, ojú ibi tẹ́ ẹ ti gé awọ náà, bà sí pàápàá ń sọ̀rọ̀: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á fi pamọ́ sábẹ́ ìjókòó.

Ọmọ Unreal: Ẹ̀yin àgbà, ṣé ìyẹn ò ti tán ni? Nanite, tó ń fúnra rẹ̀ dín triangle kù, ti wà nínú Unreal Engine 5, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń kọ́ géèmù, láti 2022. Ta ló tún ń ka triangle?

Onímọ̀ Ẹ́ńjìnnì: Àwa náà ń lò ó, ó sì dùn ún lò fún àpáta àti ilé. Ṣùgbọ́n kò gba ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá bíi gíláàsì, ọ̀pọ̀ géèmù orí fóònù ò lè gbé e, àwọn iléeṣẹ́ kan sì ní ẹ́ńjìnnì tiwọn. Mẹ́mórì tí texture (àwòrán tí wọ́n fi ń bo ara nǹkan) ń jẹ ò sì dínkù tìtorí Nanite.

Aláwòrán: Ó yé mi, ẹ ṣeun gan-an. Iléeṣẹ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìdánwò ránṣẹ́ sí mi: ọ̀sẹ̀ méjì, kò sówó. Ṣé kí n ṣe é?

Agbẹ́gilére: Bó bá jẹ́ ìwọ̀n ọjọ́ mélòó kan, tó sì jẹ́ ohun tí wọn ò lè tà, ṣe é. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lọ́fẹ̀ẹ́ ti pọ̀ jù lójú tèmi. Béèrè owó lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àwọn kan máa ń san. Tó o bá ṣe é, ka ìwé ìlànà wọn fínnífínní: iye triangle, ìwọ̀n texture, bí wọ́n ṣe fẹ́ kó o sọ fáìlì lórúkọ. Àga tó rẹwà tó sì kọjá iye triangle tí wọ́n dá, o ti fìdí rẹmi nìyẹn.

Tó o bá sì lo AI níbì kankan, sọ. Láti oṣù kìíní 2024 ni Steam, ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti ń ní kí ẹni tó ń ta géèmù níbẹ̀ jẹ́wọ́ bóyá ó lo AI, torí náà iléeṣẹ́ ò ní fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́yìn.

Ìyá Ìbejì: Wọ́n ní wọ́n ń lé èèyàn níbi iṣẹ́ yìí bí ẹní léjò. Òótọ́ ni?

Onímọ̀ Ẹ́ńjìnnì: Òótọ́ ni, mà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló pàdánù iṣẹ́ ní 2023 àti 2024. Wọ́n lè ti kọ̀ǹpútà mọ́ni kéèyàn tó parí tíì àárọ̀ ọjọ́ náà. Nítorí náà, bí géèmù bá ti jáde báyìí, kí èèyàn gba àṣẹ lórí ìwé láti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, kó má dúró dìgbà tó ń lọ. Kó tún béèrè bóyá orúkọ rẹ̀ á wà nínú credits, àkọsílẹ̀ àwọn tó ṣe géèmù, tó bá kúrò kí géèmù tó jáde, torí àwọn kan máa ń yọ ọ́. Kó sì wo àdéhùn dáadáa, bóyá ohun tó ń yà nílé lálẹ́ jẹ́ tiwọn.

Aláwòrán: Ìbéèrè tó kẹ́yìn. Fọ́ọ̀mù wọn ń béèrè bóyá mo nílò kí wọ́n bá mi gba ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ṣé kí n ní rárá?

Agbẹ́gilére: Tó o bá nílò ẹ̀, sọ pé o nílò ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé o ti ní àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́, má fi mọ sórí fọ́ọ̀mù: kọ ọ́ sókè lẹ́tà rẹ, irú èyí tó jẹ́ àti ọjọ́ tó máa parí. Ẹni tó ń ka lẹ́tà kì í ṣe lọ́yà. Bó bá di pé ó fẹ́ lọ ṣèwádìí kó tó mọ̀ bóyá o lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́tà ẹlòmíì ló máa ṣí.