Àbọ̀ ìròyìn: ọkọ̀ ojú irin onípákó mi kò bọ́ mọ́ ní kọ́nà

Ẹ rántí ọkọ̀ ojú irin kékeré tí mo fi pákó gbẹ́ nílé wa ní Ọ̀fà, tó máa ń bọ́ kúrò lójú irin bó bá ti dé kọ́nà. Nígbà tí mo béèrè ọgbọ́n lọ́wọ́ yín, ẹni tó ní kí n fá ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà tó ń yí ló gbà mí. Mo fi sandípépà fá a títí apá òde fi kéré díẹ̀ sí apá inú, bíi ti rélùwéè gidi. Ọ̀pá kan ló so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ọ̀kan ò lè yí ju èkejì lọ. Ní kọ́nà, ọkọ̀ á sún síta, ẹsẹ̀ òde á fi ibi tó tóbi rìn, ti inú á fi ibi tó kéré rìn, torí náà ti òde á rìn jìnnà jù, ọkọ̀ á sì tẹ̀ lé kọ́nà. Lálẹ́ àná ó yí po nígbà ogún, kò bọ́ lẹ́ẹ̀kan! Mo hó yèè.

Òkúta tí ẹ ní kí n dì sínú rẹ̀ mú un dúró dáadáa lójú ọ̀nà tó tọ́, àmọ́ kò wúlò ní kọ́nà. Láti mọ bí ojú irin tèmi ṣe máa fẹ̀ tó, ìbú ojú irin tó gba Ọ̀fà kọjá, 1,067 mílímítà, ni mo pín sí 20. Tèmi wá jẹ́ bíi mílímítà 53.

Ẹ ṣé gan-an. Ibi tí irin méjì ti pàdé ló kù, ọkọ̀ náà ṣì ń ta sókè níbẹ̀.