Òróró nọ́tímẹ́ẹ̀gì mi dì bí òrí, ti habatu sáúdà ò dì rárá, kí ló fà á?

Ìyá_Ọlọ́ṣẹ: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Mo fún òróró habatu sáúdà (irúgbìn dúdú tí wọ́n ń pè ní black seed) àti ti nọ́tímẹ́ẹ̀gì, ẹ̀rọ kan náà, ọjọ́ kan náà, mo gbé méjèèjì sórí tábìlì. Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, ti nọ́tímẹ́ẹ̀gì ti dì gbagidi, ó pupa rúsúrúsú, mo ki ṣíbí bọ̀ ọ́, ṣíbí dúró ṣánṣán. Habatu sáúdà ń ṣàn ní tiẹ̀. Oníbàárà mi kan wá ní mo ti po òrí mọ́ ọn, ó dùn mí gan-an torí mi ò po nǹkan kan. Àbí ó ti bàjẹ́ ni?

Tíṣà_Kẹ́mísìrì: Ẹ má jẹ́ kó dùn yín mà, ojúlówó ni. Ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú nọ́tímẹ́ẹ̀gì ni trimyristin, àwọn èérún kéékèèké rẹ̀ gùn gbọọrọ, wọn ò wọ́ níbì kankan, wọ́n á wá tò jọ tímọ́tímọ́ bí igi ìdáná tí wọ́n dì, àfi kí ooru tó nǹkan bíi 45 sí 50°C kó tó yọ́. Habatu sáúdà ńkọ́, oríṣi ọ̀rá kan tó ń jẹ́ linoleic acid ló kó nǹkan bí ìdajì ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èérún ìyẹn wọ́ níbi méjì, kò ṣeé tò jọ, ló ṣe ń ṣàn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wọ́n se ọṣẹ, ẹ ṣírò sódà tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ o, ẹ má lo òṣùwọ̀n kan fún méjèèjì.

Ọmọ_Elépo: Òótọ́ ni tíṣà sọ. Ibi tó ti wọ́ yẹn náà ni atẹ́gùn máa ń gbà bà á jẹ́, torí náà habatu sáúdà ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù, inú ìgò dúdú ni kẹ́ ẹ rọ ọ́ sí, kó kún dẹ́nu, kẹ́ ẹ dé e pa. Tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù, peroxide value (òṣùwọ̀n bí atẹ́gùn ṣe bà á jẹ́ tó) òróró tí wọ́n fún láìfi iná sí ò gbọdọ̀ ju 15 lọ nínú Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ àgbáyé.

Ìyá_Ọlọ́ṣẹ: Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Òróró kanafùrù tí mo rà ńkọ́? Mo kán an sómi, ó rì lọ sísàlẹ̀, ẹ̀rù bà mí.

Tíṣà_Kẹ́mísìrì: Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn mà. Wọn kì í fún ìyẹn, ooru tó ń jáde lára omi híhó ni wọ́n fi ń yọ ọ́, eugenol, ìyẹn èròjà tó ń mú kí kanafùrù ta sánsán, ló kún inú ẹ̀, ó sì wúwo ju omi lọ, tá a bá ka omi sí 1, tiẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1.04 sí 1.06, nígbà tí habatu sáúdà jẹ́ nǹkan bí 0.92. Èyí tó bá léfòó ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.