Fíìmù tí mo fi bẹ̀rẹ̀, tí mi ò sì fi sílẹ̀

Lórí ọ̀rọ̀ irú fíìmù kámẹ́rà tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nínú iṣẹ́ fọ́tò yẹ kó rà, ohun tójú mi rí ni màá sọ. Fíìmù dúdú-àti-funfun ni mo fi kọ́ṣẹ́: Ilford HP5 Plus, ISO 400, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Mobberley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ ẹ bá jí mi lóru tẹ́ ẹ bi mí, òun náà ni màá dárúkọ.

Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló kìlọ̀ fún mi pé kí n má máa ra oríṣiríṣi. Wọ́n ní, “Mú ọ̀kan ṣoṣo, kí o mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó.” Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe mí láǹfààní gan-an, torí bí fọ́tò bá dúdú jù tàbí tó mọ́lẹ̀ jù, mo mọ̀ pé kì í ṣe fíìmù ló yí padà.

Nọ́ńbà ISO yẹn ló ń sọ bí fíìmù ṣe tètè ń gba ìmọ́lẹ̀ sí. ISO 100 ń fẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tí 400 ń fẹ́. Níbi ìsọmọlórúkọ kan l'Abẹ́òkúta ni mo ti rí ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti múná lọ, fèrèsé kan ṣoṣo ló ń mú ìmọ́lẹ̀ wọ pálọ̀. Ìyá àgbà jókòó pẹ̀lú léèsì funfun báláú, wọ́n gbé ọmọ lé wọn lẹ́sẹ̀. Mo ṣí ojú lẹ́ńsì gbayawu dé f/2, mítà tó ń ka ìmọ́lẹ̀ sì fún mi ní 1/60, ìyẹn ni pé kí kámẹ́rà ṣí fún ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní ISO 100 ló wà nínú kámẹ́rà ni, 1/15 ni ìbá bọ́ sí, ta ló máa sọ fún ọmọ jòjòló pé kó má mira?

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí jù nìyí o, ẹ̀yin tó jẹ́ pé èèyàn dúdú bíi tiwa lẹ máa yà. Léèsì funfun máa ń tan mítà jẹ. Ó rí funfun, ó rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, ló bá ní kẹ́ ẹ dín in kù, ojú Màmá á wá dúdú kirikiri. Ohun tí mo ṣe ni pé mo sún mọ́ wọn títí ojú wọn fi kún inú kámẹ́rà, mo ka ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀, mo ṣètò rẹ̀, mo wá padà sẹ́yìn kí n tó yà wọ́n. Nígbà tí mo fọ fíìmù náà, ilà ojú wọn hàn ketekete, iṣẹ́ ara léèsì ò sì parẹ́. Nẹ́gátíìfù, ìyẹn irú fíìmù bíi HP5 yìí, máa ń fara da ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ díẹ̀. Àìtó ìmọ́lẹ̀ ló ń pa á.

Ó sì dùn mí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí wọ́n ya obìnrin aláwọ̀ funfun sí, èyí tí wọ́n ń pè ní Shirley, ni ilé iṣẹ́ fíìmù Kodak ń fi ránṣẹ́ sáwọn ilé ìfọ́tò láti fi ṣètò àwọ̀. Ara tiwa ò sí nínú ìṣirò wọn. Ẹ wá wo fọ́tò irun obìnrin Nàìjíríà tí J.D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968, dúdú-àti-funfun ni. Ẹ wo bí ọrùn àti etí ṣe ń dán.

Ìdí mìíràn tí mo fi ń lo HP5 ni fífọ̀. Fíìmù aláwọ̀, èyí tí wọ́n ń fi kẹ́míkà C-41 fọ̀, 38°C ló ń fẹ́, kò sì gba gbẹ̀rẹ́. HP5, 20°C ni. Omi ẹ̀rọ wa kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, torí náà píọ̀ wọ́tà inú fíríìjì ni mo máa ń kó sínú abọ́, màá gbé ìgò kẹ́míkà sáàárín wọn, màá sì máa wo tẹmómítà títí yóò fi dé 20. Nínú kẹ́míkà D-76 tí mi ò bomi là, ìṣẹ́jú 7 àti ààbọ̀ ni. Màá máa yí agolo tí fíìmù wà nínú rẹ̀ sókè sódò fún ìṣẹ́jú àáyá 10 ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá fẹ́ aláwọ̀ dandan, kó mú Kodak Gold 200 fún ìta, tàbí UltraMax 400 bó bá máa yàwòrán nínú ilé. Portra, tó jẹ́ ti Kodak náà, dáa, àmọ́ ó ti wọ́n ju ohun tá a fi ń kọ́ṣẹ́ lọ. Velvia, tó jẹ́ fíìmù síláìdì, kó sinmi ná. Bí ìmọ́lẹ̀ bá fi díẹ̀ ṣì, ó ti bàjẹ́. ISO 800 ò bá oòrùn ọ̀sán wa mu: ní f/16, bí ojú lẹ́ńsì tilẹ̀ ti kéré, nǹkan bí 1/1000 ló ń fẹ́, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àtijọ́ ò sì lè sáré tó bẹ́ẹ̀.

Bí ará ilé bá ń bá yín kó fíìmù bọ̀ láti London, kí wọ́n má fi sínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Kí wọ́n fọwọ́ gbé e, kí wọ́n sì bẹ òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú pé kó fojú yẹ̀ ẹ́ wò, torí ẹ̀rọ CT tuntun tí wọ́n fi ń wo inú ẹrù ń ba fíìmù jẹ́. Tó bá dé ọwọ́ yín, inú fíríìjì ni kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ sí.

Ẹni tó bá ti lo Gold 200 nígbà ọyẹ́, nígbà tí eruku bá bo oòrùn lójú, mo fẹ́ mọ bí àwọ̀ ara èèyàn ṣe jáde.