Ẹ sọ ìrírí yín: checkbox mẹ́ta ni wọ́n tíìkì, ẹyọ kan ló dé ọ̀dọ̀ sáfà

Alárò Òkè-Fíà

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ sáìtì kan bọ́ sí mi lọ́wọ́, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ti kúrò nílùú. Màmá kan tó ń ta àdìrẹ nítòsí Ọjà Ọba ló ni ín. Fọ́ọ̀mù tí àwọn oníbàárà fi ń béèrè ọjà ní checkbox (àpótí kékeré tí wọ́n ń tíìkì) mẹ́rin: oníko, ẹlẹ́kọ, alábẹ́rẹ́, kampala. Bí ọdún Ọ̀ṣun ṣe ń kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ìbéèrè ń ya wọlé láti Èkó àti Ìbàdàn, àmọ́ kampala ṣáá ni. Màmá bá ní kí àwọn tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹlẹ́kọ ṣì sinmi ná, pé ayé ò fẹ́ ẹ mọ́. Ẹlẹ́kọ o! Aṣọ tí wọ́n ń fara balẹ̀ fi ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ ọnà sí lára kí wọ́n tó rì í sínú aró.

Mo tẹ F12, mo ṣí Network (ibi tí browser ti ń fi ohun tó ń gbé jáde hàn), mo tíìkì mẹ́ta, mo fi í ránṣẹ́. Ohun tí browser gbé jáde nìyí:

`aso=oniko&aso=eleko&aso=kampala`

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, browser ò jẹ̀bi. PHP, èdè kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gba ohun tí fọ́ọ̀mù gbé wá), ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bí orúkọ kan náà bá wọlé lẹ́ẹ̀mẹta, èyí tó dé kẹ́yìn á lé àwọn tó ṣáájú dànù. Kampala ló sì wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú fọ́ọ̀mù, òun ló ṣe ń borí lójoojúmọ́. Mo sọ `name="aso"` di `name="aso[]"` lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, `$_POST['aso']` bá di array (àkójọ), gbogbo ohun tí wọ́n tíìkì sì ń wọlé. Mo tún fi `$_POST['aso'] ?? []` kún un, torí pé bí oníbàárà ò bá tíìkì ẹyọ kan, kò sí "aso" kankan tó máa dé rárá.

Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí? Ẹ jẹ́ ká gbọ́.

Ọmọ Ayétòrò

Ẹ̀gbọ́n, Node ni tèmi, Express (JavaScript lórí sáfà). Ilé ẹ̀kọ́ kan ní kí n wá wo fọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọ fi ń yan ẹ̀kọ́ ọ̀sán: ijó, ìlù, àwòrán. Tíṣà ní kí n wá wo nǹkan. Nínú lísìtì wọn, ọmọ kan wà tó forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ mẹ́ta: "i", "j", àti "o". Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa ara mi.

Bí ọmọ bá yan méjì sókè, `req.body.eko` á jẹ́ array. Bó bá yan ẹyọ kan, string (ọ̀wọ́ lẹ́tà) lásán ló máa jẹ́. Kóòdù tó wà níbẹ̀ ń fi `for...of` tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan string, ó bá ń tú "ijo" sí lẹ́tà. Àwọn tó yan púpọ̀ ò níṣòro, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi tètè rí i. Ìlà kan ni mo fi tún un ṣe:

`const eko = [].concat(req.body.eko || []);`

Ẹyọ kan ni o, púpọ̀ ni o, òfo ni o, array ló máa jáde.

Ará Ọláìyá

Ti Python rèé, pẹ̀lú Flask àti Django tí wọ́n fi ń kọ́ sáìtì, mi ò ní pẹ́. `request.form.get` ti Flask á mú àkọ́kọ́, `request.POST.get` ti Django á mú ìkẹyìn. `getlist` ni ẹ máa lò nínú méjèèjì. Ẹ má sì gbàgbé `value` lára checkbox, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, "on" lásán ni sáfà máa rí, ẹ ò ní mọ ohun tí wọ́n yàn.

Bàbá Ìbejì, Ògo-Olúwa

Ẹ kú làákàyè. Èyí tó le jù lójú tèmi ni kí èèyàn *yọ* tíìkì kúrò. Oníbàárà kan bínú títí, ó ní òun ti yọ àmì kúrò níwájú "ẹ máa fi SMS ránṣẹ́ sí mi", síbẹ̀ SMS ò yéé dé. Òótọ́ ló ń sọ. Kóòdù tí wọ́n gbé fún wa ní: bí `isset` (tó ń wò ó bóyá nǹkan dé) bá rí i, ṣe àtúnṣe sí database. Checkbox tí wọn ò tíìkì kì í sì í dé sáfà, nítorí náà kò sí ohun tó máa pa ti àtijọ́ rẹ́ láéláé. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ya àṣàyàn sọ́tọ̀ sínú table tirẹ̀, àṣàyàn kan, ìlà kan. Bí oníbàárà bá ti tẹ "fi pamọ́", n ó pa gbogbo ìlà rẹ̀ àtijọ́ rẹ́, n ó kọ tuntun sí i, nínú transaction kan náà (bí gbogbo ẹ̀ ò bá yọrí, kò sí èyí tó máa yí padà), kí iná NEPA má lọ mú un dúró sáàárín.

Alárò, má ṣe gba ohunkóhun tó bá ti wọlé gbọ́ o. Ẹni tó mọ F12 bí ìwọ náà ṣe mọ̀ ọ́n lè yí value padà sí ohun tó bá wù ú. `array_intersect((array)($_POST['aso'] ?? []), $oja_wa)` á gbá èyí tí Màmá ò tà dànù.

Alárò Òkè-Fíà

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Mo ti fi í sí i báyìí.

Ọmọ Ayétòrò

Ẹ tún gba èyí mọ́ ọn, ẹ̀yin tó ń fi fetch ti JavaScript kó ohun inú fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní JSON. `Object.fromEntries(new FormData(f))` máa ń mú ìkẹyìn nìkan, àwọn yòókù ti sọnù kí wọ́n tó kúrò lórí fóònù oníbàárà, ẹ ò sì ní rí wọn nínú Network pàápàá. Ẹ lo `getAll('aso')`. Bí orúkọ náà bá ní `[]` lára, ẹ kọ ọ́ tòun ti `[]`, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òfo ló máa dá padà.