Àṣẹ Ọlọ́run àti àṣẹ ìjọba: níbo gan-an ni ìyàtọ̀ wà?

Àbá tó wà nílẹ̀ fún ìwé atúmọ̀ ni pé kí ọ̀rọ̀ náà “ọlá-àṣẹ” jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan, kí “agbára ìṣèlú” sì jẹ́ ti àwọn tó ń ṣèjọba, torí pé àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Mo gbà pé wọ́n yàtọ̀. Àmọ́ ibi tí àbá yìí fi ìyàtọ̀ náà sí kọ́ ló wà, bí a bá sì tẹ̀ lé e, yóò da ọ̀rọ̀ rú mọ́ onímọ̀ òfin àti onímọ̀ ẹ̀sìn lójú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ “agbára” wò. Adigunjalè tó dá èèyàn lọ́nà ní agbára lórí onítọ̀hún. Kò ní àṣẹ kankan. Olórí tí àwọn ológun lé kúrò nípò kò lágbára mọ́, ṣùgbọ́n lójú òfin, àṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí apá ẹni ká ni agbára. Ohun tí a lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ẹlòmíì ṣe ni àṣẹ. Tí a bá pe ti ìjọba ní agbára lásán, kí la ó wá fi bá afipágbàjọba wí?

Ìdàpọ̀ yìí ti wà nínú Bíbélì Yorùbá tipẹ́. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà, exousia, ló di “àṣẹ” nínú Róòmù 13:1, pé kò sí àṣẹ kan bí kò ṣe láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá. Òun náà ló di “agbára” nínú Mátíù 28:18, níbi tí Jésù ti sọ pé gbogbo agbára ní ọ̀run àti ní ayé ni a fi fún mi. Gíríìkì ní dunamis fún agbára, òun kọ́ ló sì wà níbẹ̀. Ẹ tún wo “a fi fún mi” yẹn dáadáa. Àṣẹ tó kárí ọ̀run pàápàá, fífún ni a fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ààlà náà kò sí láàárín ọ̀run àti ayé nígbà náà. Àárín ẹni tó ni àṣẹ tó sì ń fúnni, àti ẹni tó gbà á, ló wà. Kùránì 3:26 sọ ọ́ gbangba: Ọlọ́run ń fún ẹni tó bá wù ú ní ìjọba, Ó sì ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá wù ú.

Àwọn kan lè fi lẹ́tà tí Póòpù Gelasius kọ sí olú ọba Anastasius ní ọdún 494 gbe àbá náà lẹ́sẹ̀, torí ọ̀rọ̀ Látìn méjì ló lò: auctoritas (àṣẹ) fún àwọn bíṣọ́ọ̀bù, potestas (agbára) fún ọba. Àmọ́ èèyàn ni bíṣọ́ọ̀bù. Láàárín àwọn olùgbà méjì ni Gelasius pín in.

Àríyànjiyàn tó lágbára jù lọ fún àbá náà wá láti inú “ṣẹ” fúnra rẹ̀. Tí a bá dáhùn “Àṣẹ!” sí àdúrà, kí ó ṣẹ là ń wí. Kí ìmọ́lẹ̀ wà, ìmọ́lẹ̀ sì wà: kò sí ìgbésẹ̀ kankan láàárín. Ti ìjọba ń fẹ́ ẹni tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tí yóò jẹ́ iṣẹ́ náà, ẹni tí yóò mú un ṣẹ, àti ará ìlú tí yóò gbà. Tí ọ̀kan bá yẹ̀, a pàṣẹ, kò ṣẹ. Òótọ́ ni. Síbẹ̀ èèyàn ń rú òfin Ọlọ́run náà lójoojúmọ́, òfin Rẹ̀ kò sì torí ìyẹn dín kù. Àìṣẹ kò sọ àṣẹ di nǹkan míì.

Ohun tí mo dábàá ni kí “àṣẹ” dúró fún méjèèjì, kí a wá fi ẹ̀yán, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-orúkọ láti yán an, yà wọ́n: “àṣẹ orísun” fún ti ẹni tí kò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, “àṣẹ àgbàlò” fún èyí tí a gbà, bí a ti ń pe ọ̀rọ̀ tí a yá ní “ọ̀rọ̀ àyálò”. “Àṣẹ àdánidá” kò lè ṣe é fún Ọlọ́run, nítorí “dá” wà nínú rẹ̀, ta ló sì dá A? “Àṣẹ àìgbàlò” náà kò dáa: yóò dún bí àṣẹ tí a kọ̀. Àléébù kan wà lára “àgbàlò”: létí, ó lè kọ́kọ́ dún bí “àṣẹ àgbà”. Kíkọ ọ́ pọ̀ ń wo èyí sàn nínú ìwé; lórí rédíò, kí olùsọ̀rọ̀ má ṣe dánu dúró kó tó dé “lò”.

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin ni kí ẹ fi dán ẹ̀yán méjèèjì wò: gbà, gbà padà, ṣì lò, jíhìn. Gbogbo wọn bá àṣẹ àgbàlò mu; kò sí ọ̀kan tó bá àṣẹ orísun mu. Oríkì ọba wa jẹ́rìí sí i. “Aláṣẹ, èkejì òrìṣà” gbé ọba ga, ṣùgbọ́n èkejì kò lè ṣáájú èkíní, láyé àtijọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè afọbajẹ, sì lè kọ Aláàfin.

Èyí tó mú mi yan orúkọ wọ̀nyí ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé wọn kò dá ẹjọ́ náà ṣáájú. Ẹni tó gbà pé ará ìlú ló ni àṣẹ orísun lè wí i. Ẹni tó ní Ọlọ́run nìkan ni, pé ará ìlú pàápàá gbà á lò ni, lè wí tirẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà. Fún ìwé atúmọ̀, mo kọ ọ́ báyìí:

àṣẹ orísun: ẹ̀tọ́ láti pàṣẹ tí ẹni tó ni ín kò gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí kò sì sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

àṣẹ àgbàlò: ẹ̀tọ́ láti pàṣẹ tí a gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì, tó ní ìwọ̀n, tí a ó jíhìn lé lórí, tí ẹni tó fúnni sì lè gbà padà.