Ọmọ mi kò fẹ́ kàwé, ẹ gbà mí o

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ti sú mi. Bí mo bá ti mú ìwé jáde, á ní inú ń run òun. Aago méje alẹ́ ni mo ń ti Ìtòkú dé, aró á ṣì wà lábẹ́ èékánná mi, bàbá ẹ̀ ò sì ní gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Owó kékeré kọ́ ni mo fi ra ìwé yẹn! Lánàá, mo fìka sábẹ́ "me", ó ní "mé". Mo ní "mí". Ó tún ní "mé". Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, mo gbá a lọ́wọ́. Ó wọ abẹ́ tábìlì, ibẹ̀ ló sùn sí. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ṣadé: Ọmọ ọdún mélòó ni? Ẹ ò sọ.

Ìyá Ìbejì Làfẹ́nwá: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án mọ́. Pàṣán ni wọ́n fi kọ́ mi ní ABD. Títí dòní, bí wọ́n bá ní kí n ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àyà mi á máa já.

Alàgbà: Ẹ̀yin ìyá òde òní ń kẹ́ ọmọ jù. Ẹ wá tíṣà tí yóò máa wá sílé.

Ìyá Àdùkẹ́: Mi ò kẹ́ ẹ, sà. Ọ̀dọ̀ màmá mi l'Ọ̀dẹ̀dá ló wà títí di oṣù kìíní ọdún yìí, àwọn ló bà á jẹ́. Kò ṣe ju kó máa ka Bíbélì Yorùbá fún wọn lálẹ́, torí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni.

Tíṣà Bísí: Ẹ dúró ná. Ṣé ó ń kà á ni, àbí ó ti há a sórí?

Ìyá Àdùkẹ́: Ó ń kà á. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni, mi ò ka ìyẹn kún ìwé kíkà.

Tíṣà Bísí: Háà! Ọmọ yín mọ̀wé kà. Nínú lẹ́tà 25 tiwa, ìró kan ni "e" ní, ibi yòówù kó wà. Bó ṣe kọ́ ọ ló ṣe pe "mé". Gẹ̀ẹ́sì ló ń yí i padà: "e" inú "me" kọ́ ni ti inú "bed". Ẹ sọ fún un pé ó gbà á lédè wa, kẹ́ ẹ tó sọ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é. Ẹ fi "go" àti "no" bẹ̀rẹ̀, àwọn yẹn ò ní dà á láàmú.

Alàgbà: Ṣé Yorùbá ni wọ́n máa fi bi í níbi ìdánwò?

Bàbá Ṣadé: Ẹ̀gbọ́n, Abẹ́òkúta yìí náà ni Ìwé Ìròhìn ti jáde lédè Yorùbá ní 1859. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ ṣé o. Lálẹ́ àná, mo ṣí ìwé Rúùtù fún un, ó ní àwọn ò tíì kà á débẹ̀. Ó sún mọ́ mi, ó ń fìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ Elimeleki nìkan ló dá a dúró. Nígbà tó kà á tán, ó bi mí pé: "Ta ló ń kà á fún Màmá Àgbà báyìí?" Mi ò rí èsì fún un. À ń lọ s'Ọ̀dẹ̀dá lọ́jọ́ Sátidé.