Káḿpílóbákítà: ṣé “àrùn adìẹ” ni lóòótọ́?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe Káḿpílóbákítà (Campylobacter), kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún ènìyàn, ní “kòkòrò àrùn adìẹ” nínú ìtumọ̀ ìwádìí tó dá lórí ènìyàn àti ohun ọ̀sìn abìyẹ́. N kò fara mọ́ ọn rárá, nítorí orúkọ náà yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Adìẹ kì í sábà ṣàìsàn nítorí kòkòrò yìí. Inú ìfun rẹ̀ ló fi ṣe ilé, torí ooru ara adìẹ, tó wà láàárín 41 sí 42 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bá a lára mu gan-an. Adìẹ ń jẹ, ó ń mu, ó ń sanra, bẹ́ẹ̀ kòkòrò náà lè ju mílíọ̀nù lọ nínú gíráàmù ìgbẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ènìyàn ni ìyà ń jẹ: ìgbẹ́ gbuuru, ibà, inú rírun, nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ á bá ìgbẹ́ jáde. Kòkòrò bíi 500 péré sì ti tó láti dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Bí a bá wá kọ “àrùn adìẹ”, ẹni tó ń sin adìẹ yóò wo ọ̀wọ́ tirẹ̀, yóò rí i pé ara wọn le koko, yóò sì gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì la nílò: adìẹ ń ru kòkòrò náà, ènìyàn ń kó o. “Rù” kò sọ pé ara ẹni tó rù ú yá tàbí kò yá, ìyẹn ló fi wúlò. Níbi tí àbájáde àyẹ̀wò bá wà, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ pé “wọ́n bá kòkòrò náà lára rẹ̀”, kì í ṣe “ó ní àrùn”.

Ẹlòmíràn dábàá “ọ̀pá-wọ́rọ́kọ́”. Ó dùn mọ́ mi, nítorí ẹni tó bá mọ igi wọ́rọ́kọ́ tí í da iná rú ti rí ìrísí rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí orúkọ Gíríìkì tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Sebald àti Véron fún un ní 1963 sọ gan-an náà nìyí: ọ̀pá tó tẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò onígbáméjì náà tẹ̀, Helicobacter pylori tó ń fa ọgbẹ́ inú sì ti jẹ́ orúkọ Káḿpílóbákítà rí, títí di 1989. Ká fi ṣe àpèjúwe, ká má fi ṣe orúkọ, pàápàá nígbà tí a gbọ́dọ̀ ya C. jejuni sọ́tọ̀ kúrò lára C. coli, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ẹ̀yà Káḿpílóbákítà.

“Akórìíra-afẹ́fẹ́” tí ẹnì kan kọ kò tọ̀nà. Kòkòrò yìí ń fẹ́ ọ́síjìn, àmọ́ ìdá 5 nínú 100 tẹ́ ẹ lọ́rùn, nígbà tí ti inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí jẹ́ nǹkan bí ìdá 21. Ẹ jẹ́ kí a kọ “kòkòrò tó ń fẹ́ ọ́síjìn díẹ̀”. Gbólóhùn tó yé ènìyàn sàn ju ọ̀rọ̀ tuntun tó ń purọ́.

Àkọlé tí mo fọwọ́ sí ni “Ìwádìí lórí Káḿpílóbákítà tí ohun ọ̀sìn abìyẹ́ ń rù, tí ènìyàn sì ń kó”. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó sàn ju “rù” lọ, kó jọ̀wọ́ gbé e wá kí ìtumọ̀ náà tó jáde.